Alhaji Àmúdà Oṣùọlálé (1957–2025), Ẹni tí Kò Jẹ́ kí Omi Dá

Ìlú Tamale ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí Alhaji Àmúdà Oṣùọlálé sí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1957, nígbà tí ariwo òmìnira Gánà kò tíì rọlẹ̀ nígboro. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, láti agboolé Oṣùọlálé. Sàkàrìyáù Oṣùọlálé ni bàbá tó bí wọn, àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Àgbà, tí wọ́n ń ta irin wẹẹrẹ: ìṣó, àgádágodo, ṣéènì àti ẹ̀yà ara ọkọ̀. Nàfísátù ni orúkọ ìyá wọn. Bàbá wa ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún.

Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún méjìlá ni Bàbá. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ohun tí àwọn rántí jù ni ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná bí ọkọ̀ ti ń gbéra, tí kò sí ẹni tó ráyè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará kọrí sílé, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ní àwọn kò lè wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n kó ẹbí wá sí Bouaké, ní orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé tó bá Gánà pààlà, níbi tí ọ̀rẹ́ wọn kan ti ní ìsọ̀ ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣó.

Gẹ̀ẹ́sì ni Bàbá ti kọ́ ní Tamale. Nígbà tí wọ́n dé Bouaké, wọ́n fi wọ́n sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún méje kí wọ́n lè kọ́ Faransé. Orúnkún wọn kò wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ kéékèèké náà ń pè wọ́n ní Tonton Anago, ìyẹn Bọ̀ọ̀dá ọmọ Yorùbá. Bàbá ní àwọn kò bínú, torí pé àwọn ọmọ náà ló ń bá àwọn tún Faransé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àgbà fẹ́ kí wọ́n wá jókòó sí ìsọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí irin lè ṣe ló wu Bàbá, kì í ṣe títà rẹ̀. Ní 1974 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní àdúgbò Gonfreville, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ní 1978. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ilé iṣẹ́ tó ń sọ omi adágún di mímu gbà wọ́n láti máa tọ́jú pọ́ńpù. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọdún méjìdínlógójì.

Òwò ni wọ́n mọ ọmọ Yorùbá mọ́ ní Bouaké. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá fẹ́ fẹ́ ìyá wa, Sèlíátù, ní 1984, bàbá ìyá wa, Alhaji Hàmídù tí wọ́n ń ta aṣọ, kọ̀. Wọ́n béèrè pé ọkùnrin tí kò ní ìsọ̀, níbo ni àwọn ti máa wá a rí bó bá fìyà jẹ ọmọ àwọn. Bàbá Àgbà dá wọn lóhùn pé, “Alhaji, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi yín. Bí omi bá jáde, ó wà ní ìsọ̀.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n so yìgì.

Kí Bàbá tó fọwọ́ kan pọ́ńpù, wọn á kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọn á ti orí ọ̀pá irin kan mọ́ ara rẹ̀, wọn á fi orí kejì sí etí, wọn á sì dijú bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń kọ sínú kàyé iṣẹ́, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Wọ́n ní Faransé àwọn kò tó o sọ, nítorí náà Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́: “Pọ́ńpù kìíní ń kùn hùùù, ó dára. Pọ́ńpù kejì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ fi gíríìsì sí i.” Ọ̀gá kan wá yẹ iṣẹ́ wò láti Abidjan, ó bínú, ó ní irú ìwé wo nìyí. Aboubacar, ọmọ Dioula tó jẹ́ ẹnìkejì Bàbá lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ti kọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu wọn, ló kà á fún un, tó ń fi ẹnu dún un bíi pọ́ńpù, títí ọ̀gá náà fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, àti Baoulé àti Dioula, gbogbo wọn ló ń kọ hùùù àti kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ sínú kàyé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ogun pín orílẹ̀-èdè sí méjì, Bouaké sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn ọ̀gá kò lè dé ibi iṣẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì sá. Bàbá àti Aboubacar ló kù, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kọkànlá, rúlúmáǹ pọ́ńpù kejì fọ́, ìyẹn òrùka irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ yí wọ́ọ́rọ́. Kò sí ọ̀nà tí òmíràn lè gbà dé. Pọ́ńpù kan ṣoṣo ló kù fún ilé àti ilé ìwòsàn. Bí òun náà bá dákẹ́, omi kòtò ni àwọn ènìyàn máa mu, àìsàn á sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará wa rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí yóò gba apá àríwá kọjá sí Burkina, títí dé ilé. Àdúgbò wa, Belleville, ló dúró sí, ọjọ́ Sátidé ni yóò gbéra. Ìyá wa ti di ẹrù. Wọ́n bẹ Bàbá títí, ó sú wọn, wọ́n wá sọ pé, “Bàbá Misbaudeen, omi ò ní bímọ fún yín.” Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá Àgbà, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé iṣẹ́ omi láti lọ mú ọmọ wọn. Wọ́n ní Tamale ti kọ́ àwọn lọ́gbọ́n: àlejò tó bá ń retí kí wọ́n lé òun ti pẹ́ jù. Bàbá nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní:

“Bàbá, ní Tamale, wọ́n ní ká máa lọ. Níbí, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n máa lọ. Bí mo bá lọ, èmi ni mo lé ara mi.”

Bàbá Àgbà wo pọ́ńpù tí wọ́n tú kalẹ̀. Wọ́n mú rúlúmáǹ tó fọ́ náà, wọ́n yí i wò lọ́wọ́, wọ́n fi sápò agbádá, wọ́n sì lọ láìdágbére. Bàbá rò pé ọkọ̀ ni wọ́n ń lọ wọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ gbé ìyá wa àti àwa ọmọ mẹ́rin lọ. Ìyá wa kò wẹ̀yìn. Nígbà tí Bàbá, tó sìn wá dé ìdí ọkọ̀, máa padà dé ibi iṣẹ́, Bàbá Àgbà ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà, lórí pákó, pẹ̀lú rúlúmáǹ mẹ́ta lórí itan. Wọ́n ti tú ìsọ̀ wọn dé ìsàlẹ̀. Rúlúmáǹ ọkọ̀ akẹ́rù ni gbogbo wọn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù, ihò rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju ọ̀pá pọ́ńpù lọ. Bàbá yọ idẹ lára ẹ̀rọ omi àlòkù, wọ́n sì fi fáìlì fá a fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi di òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè dí àlàfo náà. Bàbá Àgbà ń di idẹ mú, Aboubacar ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n tan pọ́ńpù. Bàbá fi ọ̀pá sí etí fúngbà díẹ̀, wọ́n sì gbé e fún Bàbá Àgbà kí àwọn náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni Aboubacar kọ sínú kàyé lọ́jọ́ náà: hùùù. Irin náà ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kí ojúlówó tó dé.

Ní oṣù kejì ọdún 2004, ìyá wa kó wa padà. Bàbá dúró lágbàálá. Ìyá wa kọjá lára wọn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ṣí i, wọ́n sì wo omi náà títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n bu omi sínú bùtà, wọ́n gbé e síwájú Bàbá láti fi ṣe àlùwàlá.

Bàbá lọ sí Mẹ́kà ní 2011. Ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, àwọn ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ibi àlùwàlá. Bí ọ̀kan bá ń kán tó, tó, wọn kì í lè gbọ́ wáàsí. Wọn á dìde lọ dí i, lẹ́mọ̀ọ́mù á sì dúró dè wọ́n. Ní 2017 wọ́n fẹ̀yìn tì.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá dákẹ́ nílé wọn ní Belleville. Ìyá wa, Alhaja Sèlíátù, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àbúrò méjì. Ọmọ mẹ́rin: Misbaudeen, Fọlákẹ́ tó ń tún pọ́ńpù ṣe bíi bàbá rẹ̀, Túnmiṣe àti Najeem. Àti ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án, tí Raïssa, Ismaël àti Qoyyum wà lára wọn. Aboubacar náà wà lára àwọn tó wẹ̀ wọ́n.

Kí a tó gbé wọn kúrò nílé, ẹbí pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí a gbé ọmọ àwọn wálé. Ìyá wa ló gba tẹlifóònù náà. Wọ́n ní, “Wọn ò lọ nígbà tí wọ́n lè lọ. Ta ló wá fẹ́ gbé wọn lọ báyìí?” Ilẹ̀ Bouaké ni a sin wọ́n sí, kí oòrùn tó wọ̀.

Bàbá wa, ọmọ Sàkàrìyáù, ọmọ Oṣùọlálé, ẹ ti dúró tó. Ó tó àkókò láti jókòó. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibojì yín ní fífẹ̀, kó tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, kó sì fi Àlùjánà ṣe ilé yín. Ẹ sùn re o.