Ìkọ́ Méjì Nínú Yàrá Bàbá Rẹ

Ọmọ mi, olùkọ́ ìṣirò,

Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní ko ibi o. Àlàáfíà la wà nílé, àfi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàrá bàbá rẹ tó ń rì, tí o torí ẹ̀ ní kí n kó jáde kó má baà gbé mi mì. Mo ní mi ò lọ. Ta ló máa lé mi kúrò nílé tí mo fọwọ́ ara mi rẹ́?

Ìwé tí o gbàgbé sórí àjà ni mo ṣí. Ìkọ́ méjì gígùn tí o yà síwájú ìṣirò inú rẹ̀, tí o ní àwọn la fi ń mọ ohun tó máa kún kòtò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tẹ́jú, ó yé mi kedere. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ rọ méjèèjì fún mi. Ó ní, ìyá olóríkunkun, ṣé ẹ fẹ́ lọ pẹja ni? Mo ní kó panu mọ́, ọmọ mi ló kọ ọ́ síwèé.

Ìkọ́ kan ni mo fi fa okùn gba gígùn yàrá, mo fi èkejì fà á gba ìbú, ó wá rí bí àwọ̀n, ogún ojú. Mo fi ọ̀pá wọn bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, mo rò ó pọ̀ láti fèrèsé, mo tún rò ó láti ẹnu ọ̀nà. Òjìlérúgba igbá iyanrìn ni nígbà méjèèjì, bí o ṣe kọ ọ́ pé ibi yòówù ká ti bẹ̀rẹ̀, iye kan náà ni! Mo dà á sí i, ó kún dọ́gba.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti rì padà. Ẹnìkan ti fa ìlà sórí iyanrìn náà, ojú wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun, bẹ́ẹ̀ ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà. Ìwé rẹ ní bí ojú bá ṣe kéré tó ni iye ṣe ń sún mọ́ òótọ́. Ẹni náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Lánàá, ìlà náà ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé inú eruku ìdí ẹní mi. Ó yí ibi tí mo sùn ká, orí, èjìká, títí dé àtàǹpàkò. Ọmọ mi, iye tèmi ló ń wá.

Ilé àbúrò rẹ káfíńtà ni mo ti ń kọ èyí. Mi ò sá o, mo kàn yàgò fún ẹni tó mọ ìṣirò jù mí lọ ni. Fi owó ẹní tuntun ránṣẹ́, mi ò ní padà lọ gbé ti ilé yẹn.

Ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ kò ní mọ iye rẹ láéláé.

Èmi ìyá rẹ.