Wọ́n Ní Kí N Kín Àbá Lẹ́yìn Dípò Yín

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó máa kí yín. Ìyá wà dáadáa, orúnkún nìkan ló ń dà wọ́n láàmú. Fìlà tí ẹ máa ń fọwọ́ ara yín lọ̀ bí ẹ bá ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tí ẹ ti fayé sílẹ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń rún orógbó lẹ́nu lọ, kí ohùn yín lè là, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń kín àbá lẹ́yìn ní wọ́ọ̀dù wa. Alága á dá àbá, ẹ̀yin á dìde, ẹ á nawọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. A máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ nílé pé bí Ìyá bá ní àwọn fẹ́ se ẹ̀wà, ẹ ó nawọ́ kín in lẹ́yìn.

Ẹ rántí Tísà Ṣìfáwù tí ilé wọn dojú kọ tiwa? Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n kó gbogbo àdúgbò jáde láti kó gọ́tà nígbà tí omi wọlé tó ba bẹ́ẹ̀dì Ìyá jẹ́. A ní àwọn la fẹ́ kí wọ́n gbé àsíá ẹgbẹ́ fún ipò kánsẹ́lọ̀. Èmi tí mo ti búra pé mi ò ní bá wọn dá sí òṣèlú, mo lọ gba káàdì ẹgbẹ́.

Fẹ́mi àbúrò mi ló kì mí láyà. Ó ti di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dìbò abẹ́nú, ní ìpínlẹ̀ tí òun ń gbé, kò sẹ́ni tó bi òun ní káàdì ẹgbẹ́. Ìjọba ló ṣètò rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí ilé rẹ̀. Ó kàn sọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá wọn dìbò, wọ́n fún un níwèé, ó sì yan ẹni tó wù ú láti du ipò ilé aṣòfin. Ẹni tí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ń gbè lẹ́yìn fìdí rẹmi, ẹni tí Fẹ́mi yàn ló wọlé. Nígbà tó yá, tí ìwé ìgbélùú ìyàwó rẹ̀ há sí ọ́fíìsì ìjọba, aṣojú yẹn ló kọ̀wé sí, wọ́n sì dá a lóhùn. Kò purọ́ fún mi pé ọ̀run ni wọ́n wà o. Owó ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í yọjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọjú, wọ́n á ka tirẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ lẹnu ọ̀nà tí aráàlú ń gbà wọlé ìjọba, ibi ìdìbò abẹ́nú ni wọ́n sì ti ń ṣí i tàbí tì í.

Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò abẹ́nú tiwa pé, mo tọrọ ààyè ní ilé-iṣẹ́ oníke tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Oregun, mo sì lọ tò sẹ́yìn Tísà. Bàbá, ìlà wa gùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì! Kí wọ́n tó kà wá, Alága dé.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí pé à ń ka èèyàn mọ́. Consensus ni, a ti fẹnu kò sórí ẹnì kan. Àwọn lídà ti parí ẹ̀.”

Wọ́n dárúkọ ọkùnrin kan tó ń gbé ní Lẹ́kkí, tí ẹnì kankan nínú wa ò mọ̀ rí. Wọ́n dá àbá náà fúnra wọn, wọ́n wá ń wojú wa kiri.

“Ọmọ Bàbá Télọ̀ dà? Ṣebí bàbá ẹ ló máa ń sẹ́kẹ́ńdì fún wa. Oyá, bọ́ síwájú, má dójú tì wọ́n.”

Mo bọ́ síwájú.

“Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè sẹ́kẹ́ńdì ẹ̀. Ẹ kà wá ná.”

Kí n tó padà sáyè mi, ẹnì kan ti pariwo láti ẹ̀yìn pé òun sẹ́kẹ́ńdì, Alága sì lu tábìlì. Ó parí nìyẹn. Tísà Ṣìfáwù tún ìbòrí wọn wé, wọ́n ń lọ sílé. Ìwọ̀sí yìí mà pọ̀ o! Ṣé èèyàn ni wọ́n pè wá ni, àbí àga? Òjò ti ń ṣú báyìí, Ìyá sì ti ń wá búlọ́ọ̀kù tí wọn ó fi gbé bẹ́ẹ̀dì sókè.

Alága tọ̀ mí wá lẹ́yìn náà, wọ́n ní mo ti tàbùkù yín. Díẹ̀ ló kù kí n bú wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kún un ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń dìde yẹn, ẹ kò bi àwọn rí pé ta ni ẹni tí àwọn dárúkọ.

Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi wá pé ọmọ ta ni ọ̀rẹ́ wa, níbo ló ń gbé, kí lòbí rẹ̀ ń ṣe? Gbogbo òjò tó wọlé bá wa, tí ẹ ń fi garawa gbọ́n ọn, tí ẹ ń gégùn-ún fún ìjọba, ṣé kò sọ sí yín lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ẹ̀yin lẹ nawọ́ fún wọn?

Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ dá mi lóhùn.

Èmi ọmọ yín, tó ń ṣàárò yín tìbínú-tìbínú.