Ìhà Kejì Kásẹ́ẹ̀tì Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí Bàbá Àmọ́ṣá ti lọ sọ́run. Èmi nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan náà sì ni, torí wọn ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí “àmọ́ṣá” má wọ̀ ọ́. Lójú gbogbo ìjọ, olùkọ́ ńlá ni wọ́n, táwọn pásítọ̀ ń kọ́ ìwé wọn sórí. Ọdún méjìlá ni mo fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó ku ọ̀kan, ìkẹsàn-án: orí tó kẹ́yìn ìwé wọn tuntun, lórí àwọn òkú. Màámá, ìyàwó wọn, ní kí n parí ẹ̀. Òǹtẹ̀wé ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ìhà kìíní ti parí. Ohun tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ogójì ọdún náà ni: oore-ọ̀fẹ́ nìkan ló ń gbani, ẹni tó kú ti bọ́ sọ́wọ́ Ọlọ́run, kò gbọ́ wa mọ́, ká má bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni pásítọ̀ wa fi pa mí lẹ́nu mọ́ létí sàréè Màámi, ìyá tó bí mi. “Sístà, òkú ò gbọ́.” Mo fẹ́ tọrọ àforíjì ni. Ìjà la fi túká, èmi àti Màámi. Ó ń dùn mí dòní.

Ọjọ́rú, 5

Ìhà kejì. Mo tẹ ojú-ìwé mẹ́rin, mi ò gbórí sókè. Tíì mi tutù sínú ife.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo ka iṣẹ́ àná. Ohun tí mo rí níbẹ̀ rèé: “Mo kọ́ yín pé òkú kò gbọ́. Àmọ́ṣá, ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.”

Mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn láti tún un gbọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìhà kejì ṣófo látòkè délẹ̀ — ó kàn ń dún shìì, bí ẹni ń gbálẹ̀ ní yàrá kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ.

Tí wọ́n bá ti lanu ni mo ti ń mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Bóyá ọwọ́ mi ló kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ, bó ṣe mọ́ ọn lára. Àbí èmi ni mo ń wá àyè bá Màámi sọ̀rọ̀, tí mo yá ẹnu ẹlẹ́nu lò? Tí mo bá fi í sínú ìwé, mo lè máa parọ́ mọ́ òkú. Tí mo bá fà á ya — tó bá jẹ́ Bàbá fúnra wọn ni ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo jẹ́wọ́ fún Màámá láàárọ̀ pé mo tẹ ohun tí mi ò gbọ́. Mi ò fi ojú-ìwé kankan hàn wọ́n, kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Wọ́n jókòó sórí àga ọkọ wọn, mo tan ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sí wọn létí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Nígbà kan wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ohùn Bàbá ni, ó ṣe kedere. Wọ́n ní obìnrin kan tún wà níbẹ̀ tó ń dá sí ọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, ta ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó? Obìnrin yẹn ní ká sọ fún un pé òun ti gbọ́, kó má sunkún mọ́.”

Láti ìgbà tí Màámi ti kú, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo gbé e sí etí tèmi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń sunkún, nígbà tí òǹtẹ̀wé kan ilẹ̀kùn. Mo kó ojú-ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un.