Ẹ̀bẹ̀ Lórí Orúkọ Ìbùkúnọlá Àjíṣafẹ́ àti Irinṣẹ́ Tí Wọ́n Ní Ó Tà

Agbo-ilé Àyànlọ́wọ̀,
Ìrẹmọ,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ fún Ọmọṣẹ́ Ìkọ́lé,
Ọ̀nà Òkè-Ogbó,
Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ MÁ YỌ ORÚKỌ ÌBÙKÚNỌLÁ ÀJÍṢAFẸ́ KÚRÒ NÍNÚ ÌWÉ: KÒ TA IRINṢẸ́ ÌGBÌMỌ̀

Èmi ni Adésọjí Àyànlọ́wọ̀, bíríkìlà. Ọdún kẹrìndínlógójì rèé tí mo ti ń to búlọ́ọ̀kù ní Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, èmi sì ni ọ̀gá tí ẹ fi Ìbùkúnọlá Àjíṣafẹ́ sí lábẹ́ pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ti rí lẹ́tà tí ẹ kọ sí i ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí. Ẹ ní ó ta irinṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ fún un, kó dá àpótí náà padà ní pípé, àti pé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ẹ ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ọmọṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá yọ orúkọ rẹ̀ kò ní ṣe ìdánwò, kò sì ní gba ìwé ẹ̀rí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìbùkúnọlá. Mùnírátù, ìyá rẹ̀, ń ta aṣọ ọmọdé ní Mọdákẹ́kẹ́. Ìyá yìí ní ilé oníyàrá méjì kan tí kò kọjá ojú fèrèsé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bíríkìlà mẹ́ta ló ti gba iṣẹ́ ilé náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì fi í sílẹ̀ fún koríko. Nígbà tí mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí obìnrin tó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama fi fẹ́ wá máa po sìmẹ́ńtì, ó ní òun fẹ́ parí ilé ìyá òun, nítorí bíríkìlà kẹrin kò ní rí ibi sá lọ tó bá jẹ́ pé òun ni. Mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì mí, torí pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, ẹ pín àpótí irinṣẹ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ tuntun méjìlá. Àpótí náà rẹwà, mi ò ní parọ́. Nígbà tí Ìbùkúnọlá gbé tirẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, gbogbo wa pagbo yí i ká bí ìgbà tí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun wọlé. A bá akoto nínú rẹ̀, ìbọ̀wọ́, bàtà onírin, ẹ̀rọ oníná tí a fi ń lu ihò sára ògiri, ẹ̀rọ oníná tí a fi ń gé táìsì tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan iná pupa sára ògiri láti fi ibi tó tẹ́jú hàn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ẹ ṣeun fún akoto, ìbọ̀wọ́ àti bàtà. Èmi tí ìṣó ti gún lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mọ iyì bàtà. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́ níbi tí a wà nígbà náà. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ògiri tí a máa lu ihò sí, táìsì sì jìnnà sí wa bí ìkómọ ṣe jìnnà sí ẹni tí kò tíì gbéyàwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíríkìlà nílò. Àkọ́kọ́ ni tírówẹ̀lì tí a fi ń bu àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì lé búlọ́ọ̀kù, kó sì fúyẹ́, torí ọwọ́ ẹni tuntun tètè máa ń wú. Ṣọ́bìrì àti páànù tí a fi ń ru kọnkéré ló tẹ̀lé e, nítorí pé pípò àti rírù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni okùn tí a ń fà láti igun dé igun, torí pé ojú lásán máa ń tan ènìyàn, àti okùn olójé tó ń sọ bóyá ògiri nàró tàbí ó ti ń tẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Kí ó ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì olómi tó ń fi ibi tó tẹ́jú hàn, kí ó sì ní téèpù tí a fi ń wọn ilé. Ohun méje péré ni, kò sì sí èyí tó ń jẹ iná nínú wọn.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wa tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kù tó yé yín. A kì í yá ara wa ní tírówẹ̀lì. Èèkù rẹ̀ máa ń bá ọwọ́ ẹni tó ni ín mu, ẹnu rẹ̀ a sì máa jẹ sí ẹ̀gbẹ́ tí onítọ̀hún ń gbà fà á. Bí ẹlòmíràn bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di àjèjì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nìyẹn. Báyìí ni ọ̀gá mi ṣe fún mi, báyìí ni èmi náà ń ṣe fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ẹni tí kò bá ní irinṣẹ́, omi ni yóò máa pọn títí yóò fi ní in.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ìbùkúnọlá fi pọn omi. Ó ń wo ọwọ́ wa, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, àwọn òṣìṣẹ́ méjì kò wá, iṣẹ́ ń falẹ̀, inú sì ń bí mi. Mo sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé kí ó máa lọ sílé, kí ó má sì padà wá láìkó irinṣẹ́ bíríkìlà dání. Ó ní, “Ẹ ṣé, ọ̀gá.” Ó gbé àpótí rẹ̀ rù, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà dé pẹ̀lú ohun méjèèje tí mo kà sílẹ̀ yìí. Mi ò bi í bí ó ṣe rí wọn. Inú mi dùn pé ọwọ́ pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó lọ bá Abdulrazaq, ọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ní Ẹ̀dúnàbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n Abdulrazaq ti ṣe bíríkìlà rí kó tó fi í sílẹ̀ lọ dáko, irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀: Abdulrazaq gba ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kó irinṣẹ́ méje fún Ìbùkúnọlá. Kọ́bọ̀ kò ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, Mùnírátù sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀dà ìwé náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ní ti akoto, ìbọ̀wọ́ àti bàtà, ara rẹ̀ ni wọ́n wà lójoojúmọ́.

Òṣìṣẹ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Adédàmọ́lá, wá ṣe àbẹ̀wò ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì. Mi ò sí níbẹ̀, mo lọ ra pákó. Mi ò fẹ̀sùn kan ọ̀gbẹ́ni náà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́, wọ́n sì ní ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí Ìbùkúnọlá kó ohun tó wà nínú ìwé òun jáde. Mẹ́ta wà, mẹ́ta kò sí. Ó bi í pé níbo ni wọ́n wà, ọmọ náà sì sọ òtítọ́. Ọmọṣẹ́ mìíràn tó wà ládùúgbò wa kò tíì ṣí àpótí tirẹ̀ rárá. Pálọ̀ ló gbé e sí, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ìwé àbẹ̀wò sọ pé tirẹ̀ pé. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò tíì rí iyanrìn ni ìwé yín yìn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹ fẹ́ lé.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adédàmọ́lá bi í pé ta ló ní kó ṣe pàṣípààrọ̀, Ìbùkúnọlá ní òun fúnra òun ló dá a rò. Kò dárúkọ mi. Kò sọ pé ọ̀gá òun ló lé òun. Ẹnu àwọn ọmọṣẹ́ yòókù ni mo ti gbọ́ ọ.

Èyí tó ṣòro jù fún mi láti kọ ló kù. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo fi ìbínú lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ bíríkìlà wa, Ọ̀gbẹ́ni Awódélé, pé kí ó bá mi wádìí ẹni tó ṣe irú àkọsílẹ̀ irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti to èébú tí mo fẹ́ bu onítọ̀hún sẹ́nu. Awódélé tú fáìlì ẹgbẹ́, ó sì mú ìwé olójú-ewé méje kan jáde, àkọsílẹ̀ irinṣẹ́ náà gan-an. Ẹ ti fi í ránṣẹ́ sí wa ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì sọ ohun tó bá kù. Orúkọ mi ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Alága Ẹgbẹ́ Bíríkìlà Ẹkùn Ìrẹmọ. Mo ti fọwọ́ sí i pé kò sí ohun tó kù.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo lè ka Yorùbá dáadáa, mo sì lè ka àwòrán ilé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mi kò kọjá ti ibi iṣẹ́. Awódélé, tí ì bá kà á fún wa, kò wá sí ìpàdé ọjọ́ náà. Àwa àgbà mẹ́sàn-án jókòó, a ń mi orí. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọmọbìnrin tí ẹ fi ìwé náà rán sí wa fi ìtẹríba béèrè bóyá kí òun túmọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo dá a lóhùn pé a ti rí i, ó dára bẹ́ẹ̀. Ojú ló tì mí láti sọ níwájú ọmọ tí mo lè bí pé mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ibi tó fi ìka hàn mí ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ wò ó bí ó ṣe tò léra. Èmi ni mo fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ tí kò ní tírówẹ̀lì nínú. Èmi náà ni mo lé ọmọ náà lọ sílé pé kò ní tírówẹ̀lì. Òun ni ẹ wá fẹ́ fìyà jẹ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi ló sì wọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́, Ìbùkúnọlá wà níjókòó. Mo ti rò pé wọn yóò fi mí ṣẹ̀sín. Àgbà mẹ́ta dìde, wọ́n ní àwọn náà kò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwé ọjọ́ náà. Mo gbé ipò alága sílẹ̀. Abdulrazaq náà wá láti Ẹ̀dúnàbọ̀n, bó ti ń gbààwẹ̀, ó ní òun ṣetán láti dá ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà bí òun bá rí irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun gbà. Àpótí yóò pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà yóò tún ṣófo.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé. Ẹ gbà pé kí pàṣípààrọ̀ náà dúró. Bí ó bá di dandan pé kí àwọn ẹ̀rọ padà sọ́dọ̀ yín, ẹ gbà wọ́n, tírówẹ̀lì tèmi ni n ó fi fún Ìbùkúnọlá, kì í ṣe àyálò. Àṣà tí mo fi lé e ni n ó fọwọ́ ara mi rú. Ní ti àwọn ọmọṣẹ́ tó ń bọ̀, ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi Yorùbá bi wọ́n, kí ẹnì kan sì ka ìdáhùn sókè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ àgbà ló wà tí ìtìjú kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé kò yé àwọn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí ẹ dá yìí, a ó to ìlà búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lórí ìpìlẹ̀ ilé tuntun kan, Ìbùkúnọlá ni mo sì fẹ́ fi igun àkọ́kọ́ lé lọ́wọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tó, mi ò ní fi ilé onílé dán an wò. Bí ó bá jẹ́ dandan pé kí ẹ fa igi lé orúkọ ẹnì kan, ẹ fà á lé tèmi láàárín àwọn ọ̀gá tí ẹ ń fa ọmọṣẹ́ lé lọ́wọ́. Mo ti lé e kúrò níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láìṣẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má rán mi láti lé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Adésọjí Àyànlọ́wọ̀,
Bíríkìlà.