Kọ́kọ́rọ́ Kejì Wà Nínú Ilé

Èmi, Sàlímọ́nù Àkànní Ògúnsànyà, káfíńtà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí ń gbé ní Itamaga, Ìkòròdú, ni mo ń sọ èyí tí lọ́yà ń kọ sílẹ̀. Orí mi pé. Ojú ló ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ ló ń wú, àmọ́ mo mọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí n kò ṣe. Ìwé ìpíngún yìí pa gbogbo èyí tí mo ti kọ ṣáájú rẹ́. Alámòójútó rẹ̀ ni Lateefat, ọmọ mi obìnrin, àti Alhaji Ùsmán tí a jọ ń kírun. Kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n má fo ibì kankan, pàápàá ìkẹfà.

1. Ilé mi àti ilẹ̀ mi tó wà ní Ìpakòdò: kí Lèmọ́mù pín wọn bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbà ju ìpín rẹ̀ lọ.

2. Ayùn mi méjèèjì, ìfági, òòlù àti àpótí wọn: Lateefat ni kó kó wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ọmọ mi, òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ mọ igi. Èmi ni mo ní obìnrin kì í ṣe káfíńtà, tí mo lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣàṣìṣe, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

3. Ilẹ̀kùn iwájú: kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi dáná. Igi apá gidi ni. Láti ìgbà tí mo ti kàn án ni mo ti ń fọ́nnu káàkiri Itamaga pé kò sí olè tó lè fi èjìká ṣí i. N kò parọ́. Èmi náà fi èjìká tì í, kò ṣí.

4. Lọ́ọ̀kù oníbátìrì tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn: n kò fún ẹnikẹ́ni. Qamardeen, àkọ́bí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ló rà á wá nígbà tí olè ń yọ àdúgbò lẹ́nu. Èèyàn á gbé ìka lé e, obìnrin kan á sọ òyìnbó nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Ó mọ ìka tèmi. Ti Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Àwẹ̀ró, ogójì ọdún ló fi yan ẹja, iná àti ìpẹ́ sì ti jẹ ojú ìka rẹ̀ dán. Ńṣe ni á dúró síta, á máa bẹ̀ ẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá obìnrin inú ibẹ̀ ju òun lọ lọ́jọ́ orí. Háà, Àwẹ̀ró mi! Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ.

Kọ́kọ́rọ́ irin méjì bá lọ́ọ̀kù náà wá, fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Qamardeen ní kí n fi ọ̀kan sọ́wọ́ ẹni tí mo fọkàn tán. Mo ní ta ni mo fọkàn tán? Mo fi méjèèjì sílẹ̀ nínú ọ̀rá wọn, mo tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yàrá. Mo rò pé mo ń tọ́jú wọn.

Ní Jímọ̀ kan nínú Ààwẹ̀ ọdún 2024, mo ti mọ́sálásí dé lọ́sàn-án, mo gbé ìka lé e, kò fọhùn. Ikọ́ fée ti gbé Àwẹ̀ró ṣubú nínú ilé. Mo ń gbọ́ ọ tó ń mí fín-ín fín-ín, tó ń fi èékánná ha ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Kò lè na ọwọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Gbogbo fèrèsé ló ní irin, èmi ni mo sì ní kí wọ́n lo èyí tó nípọn jù. Kí wẹ́dà tó ti Benson, láàárín ìlú, dé láti gé irin, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

5. Ṣẹ̀rífátù, àbúrò mi tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tèmi: kí wọ́n fún un ní àgbò mi tó tóbi jù. Ewúrẹ́ rẹ̀ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé lọ́jọ́ kan, ó jẹ èlùbọ́ wa. Mo bú u, ó bú mi padà, mo sì fi búlọ́ọ̀kù dí ọ̀nà náà pa. Ọdún mẹ́sàn-án ni a kò fi kí ara wa. Nítorí èlùbọ́! Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo wí yẹn, ọwọ́ lásán ló fi ń lu búlọ́ọ̀kù náà, tó ń pe Àwẹ̀ró. Kí alámòójútó wó o kí wọ́n tó pín ohunkóhun. Kí Lateefat kan ilẹ̀kùn síbẹ̀, oníkọ́kọ́rọ́ lásán, kí kọ́kọ́rọ́ kan máa wà lọ́wọ́ Ṣẹ̀rífátù títí láé.

6. Rédíò mi: Qamardeen ló ni ín.

Níbi ìsìnkú, mo sọ lójú gbogbo èèyàn pé lọ́ọ̀kù ọmọ mi ló pa ìyá rẹ̀. Ó padà sí Àbújá, kò sì wọ Ìkòròdú mọ́.

Qamardeen, gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni lọ́ọ̀kù yẹn fi ń ké pé bátìrì òun ń tán. Mo sọ fún ọ, o sì fi tuntun mẹ́rin ránṣẹ́. Bátìrì rédíò mi ti kú nígbà náà, mo sì fẹ́ gbọ́ wàásù Ààwẹ̀. Inú rédíò ni mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Nígbà tí o pè láti béèrè, mo ní mo ti pààrọ̀ ti lọ́ọ̀kù. Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń wò mí. Bátìrì náà ṣì wà níbẹ̀. N kò tan rédíò yẹn mọ́.

Ó yẹ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ nọ́ńbà rẹ, mo pa á kó tó dún. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo pa á. Dákun, wálé. Má gba iwájú, ẹ̀yìn ni kí o gbà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ṣẹ̀rífátù.

Ojú mi ti ṣe bàìbàì jù, n kò lè kọ orúkọ. Ìka tí lọ́ọ̀kù yẹn mọ̀ ni mo tẹ̀ síbí.

Sàlímọ́nù Àkànní Ògúnsànyà
Ìkòròdú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025

A wà níbẹ̀, a sì fi ojú wa rí i:
Toheeb Bánkọ́lé, télọ̀, Itamaga
Waliyah Ògúnlànà, nọ́ọ̀sì, Ìpakòdò