Ibi Tí Ohùn Bá Tẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Àtẹ̀jíṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi. Rárá, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tí wọ́n jọ ń pẹja nínú ọkọ̀ kan náà. Tẹlifóònù Ẹ̀gbọ́n já sókun, kò sì mọ̀wé kọ. Sípáníìṣì lọkùnrin yẹn fi ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé ni wọ́n wá sọ di ògbufọ̀! Gbogbo ohun tí mo ní ni ìwé ọ̀rọ̀ tí Ìyá Aránṣọ àdúgbò wa fọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Ọdún méjìlá ló fi gbé ìlú àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì.
Comemos. Dormimos. Podemos. À ń jẹun, à ń sùn, a lè ṣe é. Mos, mos, mos: àwa, àwa, àwa. Mo ti sọ ọkùnrin yẹn ní Ọ̀gbẹ́ni Àwa. Màámi ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin!

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Mo fẹ́ fèsì. Mo ń wá puedo, "mo lè ṣe é" tí Ìyá Aránṣọ máa ń wí, nínú ìwé ọ̀rọ̀, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Kò sí. Mo gbé e lọ bá Ìyá Aránṣọ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, ìwọ ọmọ yìí, ò ń wá ọmọ lọ sílé ẹni tí ò bí i. Poder ló bí i.
Ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ó ní ohùn ń wúwo bí ẹsẹ̀. Podemos: ìrù ni ohùn tẹ̀, lẹ́tà o jókòó jẹ́ẹ́. Puedo: ohùn gun lẹ́tà o lórí, ó là sí méjì, ó di ue. Dormir, duermo. Lẹ́tà e náà ń là, ó ń di ie. Èmi nìkan, ó là. Àwa, kò là.
Àwa náà ń ṣe irú ẹ̀ o. Mo rà á. Mo ra bàtà. Rà di ra, mi ò fura rí láyé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Rédíò ní ìjì ń jà lókun ọ̀hún. Màámi pa rédíò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́. Màámi ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n tó ti fọ̀ lánàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Ọ̀gbẹ́ni Àwa kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.
No duermo. No puedo.
Mi ò sùn. Mi ò lè ṣe é. Mo wò ó, mo tún un wò. Lẹ́tà o ti là. Méjèèjì ló là. Mos dà? Ọ̀gbẹ́ni Àwa ò kọ àwa mọ́, èmi nìkan ló kọ.
Màámi béèrè, ṣé wọ́n ń jẹun? Mo ní, wọ́n ń jẹun dáadáa, Màá. Ó ní, Ọlọ́run ṣeun. Ó ń kọrin ní bálùwẹ̀. Kí ni mo ṣe yìí?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́. ¿Y mi hermano? Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Mo gbé tẹlifóònù sábẹ́ ìrọ̀rí kí Màámi má baà gbọ́ tó bá dún.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ó fèsì: Lo siento.
Mi ò lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ. Mo ti mọ ọ̀nà. Kò sí siento nínú ìwé, mo sì mọ̀ pé kò ní sí. Ie yẹn, mo pa á pọ̀ padà, ó di e. Sentir. Ojú ewé kẹtàdínlógójì, tàdáwà búlúù, ìtumọ̀ mẹ́ta: gbọ́. Mọ̀ lára. Kẹ́dùn.
Mo gbìyànjú ti àkọ́kọ́. Ó gbọ́. Ó gbọ́ kí ni? Mo gbìyànjú ìkejì, ìka mi bo ìkẹta mọ́lẹ̀. Kò bá a mu, mo fẹ́ kó bá a mu, kò bá a mu.
Mi ò mọ̀ pé Màámi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ̀wé kà, àmọ́ ó ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, fi àwọn tó kù sílẹ̀. Èyí tí o fìka bò yẹn, kà á fún mi.
Mo kà á.