Èmi ni mo fún Bíyí lóògùn, kì í ṣe Ìyá Àgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Èmi ni mo pa àbúrò mi. Kì í ṣe Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní àjẹ́ títí dòní... èmi ni.

Ìgbà ìjọba ológun tí à ń pè ní Refolúsíọ̀n ni, ní àdúgbò Titirou, ní Parakou níbí. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni wá, bàbá mi ń ta àlùbọ́sà. Òṣùwọ̀n tó rà ní Nàìjíríà la fi ń wọn ọjà, pọ́n-ùn ló ń kà, kì í ka kìló. Gbogbo ilé ló mọ bí a ṣe ń ṣe é: iye tó bá kà, a ó dá a sí méjì, a ó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, ìyókù ni kìló tí a máa pè fún oníbàárà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, mo gbọ́ Faransé, mo sì ń fi yangàn...

Bíyí, àbúrò mi, ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ibà gbé e dè. Màmá mi ti lọ sípàdé kòmítéè àdúgbò, ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi àti Ìyá Àgbà ló kù nílé. Ìwé inú páálí oògùn ní kìló ọmọ ni kí a fi mọ iye hóró tí a máa fún un. Mo fi aṣọ gbé e kọ́ sí òṣùwọ̀n, ó ka mẹ́rìnlélógún, mo wá mẹ́rìnlélógún nínú ìwé, mo lọ oògùn náà mọ́ omi ṣúgà. Ìyá Àgbà tí kò mọ̀wé rárá bi mí pé, "Ṣé o ti dá a sí méjì?" Ẹ gbọ́ èsì mi o: "Ìyá, ọmọ kì í ṣe àlùbọ́sà." Ó gbé ọmọ mọ́ra kí n lè da oògùn sí i lẹ́nu. Kí màmá mi tó dé, Bíyí ti lọ.

Ọjọ́ kẹta, oníbàárà kan wá, mo dá iye tí òṣùwọ̀n kà sí méjì láìronú... mo bá rántí mẹ́rìnlélógún yẹn. Kìló mọ́kànlá péré ni Bíyí!

Nígbà yẹn, àwọn ará kòmítéè ń kó àwọn arúgbó tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni ọmọ kú sí, ìyẹn sì tó wọn. Ó wò mí níwájú gbogbo wọn, mo wolẹ̀. Kò dárúkọ mi. Wọ́n nà án títí ó fi ní òun ni. Ṣábẹ̀ ni wọ́n dá a padà sí, ibẹ̀ ló kú sí, màmá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ sìnkú rẹ̀. Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Kí ló dé tí èmi náà ò sọ̀rọ̀?

Ní báyìí àìsàn ti dá màmá mi dùbúlẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ gbé ìkùnsínú lọ bá Olúwa, òun fẹ́ dárí ji Ìyá Àgbà nítorí ọmọ òun tó pa. Ọjọ́ Àìkú yìí ni pásítọ̀ máa wá gbàdúrà náà. Èmi ló ní kí n kúnlẹ̀ ti òun, kí n di ọwọ́ òun mú. Tí mo bá sọ òtítọ́, ìbànújẹ́ lè pa á. Tí mi ò bá sọ ńkọ́... Ẹ̀yin èèyàn mi, tí pásítọ̀ bá parí àdúrà, ṣé kí n ṣe àmín?